Ìyá Ìbejì, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ ìjọba kí ẹ tó ya owó àánú sọ́tọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Apoògùn ni mí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Manchester. Tí wọ́n bá ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, ohun tó ń wọlé fún mi lọ́dún jẹ́ £62,000. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, owó tirẹ̀ kò tó tèmi. Ìbejì la bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, a sì ń gba owó ọmọ tí ìjọba ń fún òbí (Child Benefit) lórí àwọn méjèèjì. Mò ń san ìdámẹ́wàá £400 lóṣooṣù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí màmá mi ti ṣaláìsí ló ti ń wù mí kí n tún máa ya £100 sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àánú. Ọkọ mi ní ká kó o jọ fún ọdún mẹ́wàá, ká fi kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan sí ìlú màmá mi lẹ́bàá Ìkìrun, ká sì kọ orúkọ wọn sára rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé ní kí n máa fi ránṣẹ́ sí òun, òun á máa pín in fún àwọn opó. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní àwọn àjọ ńlá ni kí n máa fún. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀, ìgbà wo ló sì yẹ kí n bẹ̀rẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Manchester)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdámẹ́wàá tí ẹ fẹnu kàn bí ẹni ń kọjá lọ yẹn. Ibẹ̀ ni owó tí ẹ ń wá wà.

Lójú òfin owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọrẹ àánú ni ìdámẹ́wàá, bí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń san án fún bá ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ aláàánú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá níbí ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́sálásí náà sì wà nínú ìwé. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Gift Aid, ìjọba á fi 25 pẹ́ńsì lé orí £1 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá san. £400 yín á di £500 lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akápò mọ èyí bí ẹni mọ owó, wọn kì í gbàgbé láti gba tiwọn. Apá tiyín ni kò sẹ́ni tó ń ránni létí rẹ̀ láti orí pẹpẹ.

Ẹ wò ó. Owó tó bá lé lórí £50,270 lọ́dún, 40% ni wọ́n ń yọ lára rẹ̀ fún owó orí. Gift Aid tí ṣọ́ọ̀ṣì gbà, owó orí 20% ló dá padà. 20% kejì, ẹ̀yin lẹ ni ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó fún yín. £400 lóṣooṣù jẹ́ £4,800 lọ́dún. Gift Aid sọ ọ́ di £6,000. 20% lára £6,000 jẹ́ £1,200. £100 lóṣooṣù tí ẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún àánú, £1,200 náà ni lọ́dún. Ó ti wà nílẹ̀, ọwọ́ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba, ló wà.

Kò tíì tán. Ẹni tí owó rẹ̀ bá lé ní £60,000, ìjọba ń gba lára owó ọmọ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí £200 kọ̀ọ̀kan tó bá lé. £62,000 fi £2,000 lé, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún owó orí 2025 sí 2026, owó ọmọ méjì jẹ́ £26.05 fún èyí àkọ́kọ́ àti £17.25 fún èkejì lọ́sẹ̀, tó fi jẹ́ bíi £2,250 lọ́dún. Ẹ ó dá £225 padà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wò ó bóyá owó yín lé ní £60,000, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìtọrẹ tó bá Gift Aid lọ kúrò. £62,000, ẹ yọ £6,000, ó ku £56,000. Wọn kò tún lè gba kọ́bọ̀ lára owó ìbejì. Àpapọ̀ rẹ̀, £1,425 lọ́dún ló ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, láìtíì fi pẹ́ńsì kan lé ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ti ń kọ fọ́ọ̀mù Self Assessment, èyí tí ẹni fi ń ròyìn owó tó wọlé fún un lọ́dún fún HMRC, ibi tí wọ́n kọ Charitable giving sí ni ẹ ó fi í sí. Owó tó jáde lápò yín, £4,800, ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ £6,000, àwọn fúnra wọn ni yóò ṣe ìṣirò ìyókù. Bí ẹ kò bá sí lórí Self Assessment, ẹ kàn sí HMRC kí wọ́n fi í sínú tax code yín, àmì tí ibi iṣẹ́ fi ń mọ iye owó orí tí wọn yóò yọ lára owó oṣù. Ẹ sì lè padà sẹ́yìn ọdún mẹ́rin fún ọdún èyíkéyìí tí owó yín ti wọ ìpele 40%. Ẹ rántí pé kí oṣù kẹrin ọdún 2024 tó dé, £50,000 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọmọ padà, kì í ṣe £60,000, nítorí náà àwọn ọdún àtijọ́ yẹn lè tóbi ju bí ẹ ti rò lọ.

Gbogbo èyí dúró lórí kí owó yín ní àkọsílẹ̀. Ìdámẹ́wàá tó ti báǹkì lọ ló dára jù. Èyí tí ẹ bá ká sínú àpòòwé tí kò lórúkọ, tí ẹ sọ sínú agbọ̀n nígbà tí akọrin ń jó bọ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣì lè rí nǹkan gbà lórí owó kéékèèké, £30 sísàlẹ̀, lábẹ́ ètò mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò lè fi béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba. Ohun mìíràn tí tọkọtaya kì í rò: ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni kó máa ti àkáǹtì tirẹ̀ san án. Bí ọkọ yín tó ń san 20% bá ń fún àjọ kan ní £50 lóṣooṣù láti inú owó tí ẹ jọ ń ná, àjọ náà á gba Gift Aid, àmọ́ kò sí ohun tó máa padà sílé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi owó ara yín san án, nǹkan á padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn olùdámọ̀ràn.

Mo lóye ọkọ yín. Ta ni kò wù kí orúkọ ìyá rẹ̀ wà lára ògiri? Ṣùgbọ́n £1,200 lọ́dún fún ọdún mẹ́wàá jẹ́ £12,000, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ pé èlé sọ ọ́ di £15,000. Ó lè kọ́ yàrá mẹ́ta, kó fi páànù bò ó, kó kùn ún. Ta ni yóò wá san owó nọ́ọ̀sì ní oṣù kejì? Ta ni yóò ra oògùn, tí yóò gbé iná oòrùn sókè kí abẹ́rẹ́ àjẹsára má bàa bàjẹ́? Ilé kì í tọ́jú aláìsàn. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ìjọba kọ́ káàkiri tí ewé ti bò kò ṣaláìní ògiri. Òṣìṣẹ́ àti oògùn ni wọn kò ní.

Ẹ lọ wo ẹ̀rọ omi tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun gbẹ́ sílé, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Mo mọ ọ̀kan báyìí. Táǹkì dúdú wà lókè irin, mábù tí wọ́n kọ orúkọ olóore sí ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ irin náà. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló jáde. Sumo, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè láti ìsàlẹ̀ kànga, ló jóná nígbà tí iná ń ṣe ségesège, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi owó àtúnṣe sí lọ́wọ́. Owó sumo tuntun kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí wọ́n ná sórí gbígbẹ́ kànga náà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ orúkọ sára sumo tó wà nínú ilẹ̀? Ẹni tó bá ní kí n sọ òótọ́, èmi á ní kó máa ṣe àtúnṣe ohun tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá dípò kó kọ́ tuntun kan. Bí ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ tí màmá yín lọ bá ti kú, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ máa gba ₦50 ₦50 lọ́wọ́ àwọn tó ń wá pọn ún, kí owó àtúnṣe ọjọ́ iwájú má jìnnà.

Nípa ọdún mẹ́wàá yẹn: ẹni tó bá ń dúró kí owó pọ̀ ní ẹjọ́ tó lè rò. Owó tó ń pa èlé á tóbi, ẹni náà á sì gbọ́n sí i. Kò burú fún ẹni tí kò tíì mọ ibi tó fẹ́ fún. Charities Aid Foundation, àjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá èèyàn pín owó àánú, ní irú àkáǹtì kan tó jẹ́ pé ẹ ó fi owó sínú rẹ̀ lónìí, Gift Aid á wọlé lónìí, ẹ ó sì pinnu àjọ tí yóò gbà á nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n owó tó wọ ibẹ̀ kò lè padà sápò yín mọ́, ìyẹn ló sì fi sàn ju àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán lọ. Ìfowópamọ́ tí a pè ní owó àánú, ọdún tí ilé bá ń jò tàbí tí ọmọ bá wọ yunifásítì ni a ó yá a lò. Mo ti rí i lójú ọ̀pọ̀ oníbàárà. Bí ẹ bá sì ta kú pé ẹ fẹ́ kó o jọ, ẹ kó o jọ ní pọ́n-ùn. Ẹni tó fún kọ́ńtírakítọ̀ lówó náírà sílẹ̀ kí oṣù kẹfà 2023 tó dé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦460, tó sì kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ orúkọ ìyá ló jẹ ọkọ yín lógún, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé ìhágún yín. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún àjọ aláàánú lẹ́yìn ikú, wọn kì í gba owó orí ogún lórí rẹ̀. Bó bá tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ogún tí owó orí kàn, 36% ni wọn yóò gba lórí ìyókù dípò 40%. Bí ẹ bá ní ilé ní Manchester, owó rẹ̀ lè ṣe fún màmá lọ́jọ́ kan ohun tí £100 kò lè ṣe.

Àbúrò yín ńkọ́? Mi ò sọ pé yóò jalè. Ohun tí mò ń wò ni ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lé e lórí. Láti oṣù àkọ́kọ́ ni gbogbo àdúgbò yóò ti mọ̀ pé owó òyìnbó ń wọlé sọ́wọ́ rẹ̀. Opó tó fún á súre, opó tí kò fún á ní ó ti jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ á béèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n kò fi rántí owó ilé ìwé ọmọ tiwọn. Tó bá di ọdún kejì, ẹ̀yin méjèèjì kò ní lè jókòó jẹun pọ̀ láìsọ̀rọ̀ owó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni, nítorí náà ẹ ya owó ẹbí sọ́tọ̀: owó oògùn ẹ̀gbọ́n bàbá yín, owó ìsìnkú, owó ìdánwò ọmọ àbúrò. Ẹ pè é ní owó ẹbí, kó ní iye tirẹ̀ lóṣooṣù, kó má wọnú ìṣirò àánú rárá. Kò sí Gift Aid lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti gba inú ẹgbẹ́ kan fi owó ilé ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò ara wọn, kí wọ́n lè gba Gift Aid. Òfin kò fàyè gbà á, àwọn HMRC kì í sì í ṣe ọmọdé.

Síbẹ̀ àbúrò yín wúlò gidigidi, torí ó mọ ẹni tí ebi ń pa gan-an àti ẹni tó ń pa irọ́. Ẹ gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó gba ọ̀nà mìíràn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò adójútòfò ìlera tó ń gba àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba wọlé: owó kan ni wọ́n ń san fún ẹnì kan lọ́dún, onítọ̀hún á sì máa lọ sí ilé ìwòsàn tó bá yàn. Kí àbúrò yín kọ orúkọ opó mẹ́wàá, kó mú wọn lọ ya fọ́tò, kí ẹ̀yin san owó náà tààrà sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ó lè ṣe bí aṣojú yín láìfọwọ́ kan owó. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín bá wà ní London tàbí Manchester, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn àjọ aláàánú. Ẹgbẹ́ aláàánú tí owó rẹ̀ bá ti lé ní £5,000 lọ́dún ní England tàbí Wales gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é, ẹ lè gba ọ̀dọ̀ wọn ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ omi yẹn, kí Gift Aid sì wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ yín níbi iṣẹ́ kò ṣì sọ. Ó kàn ku kí ó sọ àjọ ńlá tó ń tọ́ka sí. Bí àjọ kan ṣe tóbi tó kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà tèmi ni pé kí wọ́n lè fi hàn mí ohun tí £1 ṣe. Against Malaria Foundation ń ra àwọ̀n ẹ̀fọn, ó sì ń kọ ibi tí wọ́n pín in sí síta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Malaria Consortium ń fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn ibà lóṣooṣù ní àsìkò òjò, títí kan òkè ọya nílẹ̀ wa. New Incentives ń fún ìyá ní owó díẹ̀ nígbàkígbà tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní òkè ọya bákan náà. Wọ́n fi ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń san owó wéra pẹ̀lú èyí tí wọn kì í ti í san, wọ́n sì rí i pé ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ pọ̀ sí i dáadáa níbi tí owó wà. GiveWell, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2007 láti máa yẹ àwọn àjọ wò, ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí mọ́ àwọn tó fọkàn tán jù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ apoògùn kò nílò kí n ṣàlàyé ibà fún yín. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn tí ibà ń pa lágbàáyé, Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kú.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ àjọ kan wò fúnra yín, ẹ lọ sórí ìwé àkọsílẹ̀ Charity Commission, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ ó rí iye tó wọlé, iye tó jáde, àwọn alábòójútó, àti bóyá ìròyìn owó wọn dé lásìkò. Èyí tó bá ti pẹ́ ju ìgbà tí òfin ní kó dé, mo máa ń kọjá lára rẹ̀. Mi ò kì í bínú pé àjọ kan ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n san owó oníṣirò ló ń jẹ́ kí owó rìn láìsí àkọsílẹ̀. Ní ti àwòrán ọmọ tó ń ṣàìsàn tó ń yí ká lórí WhatsApp: ẹ wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà fúnra yín, ẹ má lo èyí tó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì san án sínú àkáǹtì ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ní àkáǹtì ẹnìkan ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀? Bí gbèsè káàdì wà lọ́rùn yín, èyí tó ń pa èlé 20% sókè, ẹ kọ́kọ́ san án. Bí owó tó lè gbé ilé ró fún oṣù mẹ́ta kò bá sí ní báǹkì, ẹ kó o jọ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù yìí ni. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì owó oṣù bóyá wọ́n ní ètò Payroll Giving: ẹ ó yan àjọ, owó á kúrò kí wọ́n tó yọ owó orí, £100 tí àjọ gbà kò ní ná yín ju £60 lọ, kò sì sí fọ́ọ̀mù kankan láti kọ ní ìparí ọdún. Bí wọn kò bá ní i, ẹ ṣètò owó tí yóò máa kúrò ní àkáǹtì yín lọ́jọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé. Ọdún owó orí ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fún owó ńlá lẹ́ẹ̀kan kó wo bóyá ọdún yìí tàbí ọdún tó ń bọ̀ ni owó rẹ̀ ga jù.

Bí mo bá wà ní ipò yín, £70 á máa lọ sí ọ̀kan nínú àwọn àjọ ibà yẹn lóṣooṣù, £30 á máa kó jọ fún adójútòfò àwọn opó, kí n san án lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ọjọ́ ìrántí màmá. Mi ò ní yí i padà títí ọdún á fi yí po, bó ti wù kí ìbéèrè pọ̀ tó. Ọkọ yín lè máa bá yín ka ìròyìn àjọ náà lọ́dọọdún, ẹ jọ pinnu bóyá ẹ ó tẹ̀ síwájú.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ akápò ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè bóyá fọ́ọ̀mù Gift Aid yín wà lọ́wọ́ wọn, àti pé orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ ni èyí tí HMRC mọ̀. Bó bá ní òun kò rí i, kó fún yín ní tuntun. Ẹ fọwọ́ sí i pé kó kan ọdún mẹ́rin tó ti kọjá pẹ̀lú, òfin gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé tó kọ gbogbo owó tí ẹ ti san sílẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Láìsí ìwé yẹn, ẹ má tíì pe HMRC.